Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Tí A Fi Ń Wọn Iṣẹ́

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ni ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì níbi tí a ti ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì wọn iṣẹ́ wọn lọ́dọọdún. Ìwé tí a ń pè ní "appraisal" ni ó sábà máa ń fi ẹni tí a ó gbé ga hàn, àti ẹni tí owó oṣù rẹ̀ yóò lé sí i. Ẹni tí kò bá mọ bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti wúwo tó lè fi ọwọ́ sí ohun tí kò yé e.

"Goal" ni ibi tí a ń lọ. "Target" ni iye tí a gbọ́dọ̀ dé kí ọjọ́ tí a dá tó pé. Bí akọ̀wé kan bá wí pé òun fẹ́ kí àwọn oníbàárà máa tètè rí èsì gbà, goal ni ó sọ. Bí ó bá wí pé láti oṣù March lọ, òun yóò máa fèsì sí gbogbo ìwé wọn láàárín ọjọ́ 2, target ni. Èyí ni a lè fi mú un. Èyí kan náà ni ó sì lè fi gbèjà ara rẹ̀.

"Deadline" ni ọjọ́ tí iṣẹ́ kò gbọdọ̀ rékọjá. Nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, ní 1864, ààlà kan tí a ń pè bẹ́ẹ̀ wà ní ọgbà Andersonville, níbi tí a kó àwọn ọmọ ogun ìgbèkùn sí. Ẹni tí ó bá kọjá rẹ̀, ẹ̀ṣọ́ a yìnbọn lù ú. Ẹ má fi ẹnu yẹpẹrẹ dá ọjọ́.

Ní 1981, George T. Doran, ará Amẹ́ríkà, fi lẹ́tà 5 inú ọ̀rọ̀ "SMART" kọ́ni bí ìpinnu iṣẹ́ ti yẹ kí ó rí: kí ó ṣe pàtó, kí ó ní òṣùwọ̀n, kí a mọ ẹni tí yóò ṣe é, kí ó ṣeé ṣe, kí ó sì ní àkókò.

Bí ọmọ yín bá mú ìwé wálé tí a kọ "meets expectations" sí, ẹ má ṣe bá a wí: ó ti ṣe gbogbo ohun tí a retí lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n "needs improvement" jẹ́ ìkìlọ̀. Kí ó fi ọ̀wọ̀ bi ọ̀gá rẹ̀ pé: iṣẹ́ wo ni ó kù káàtó, kí ni a fi wọ̀n ọ́n, nígbà wo ni a ó sì tún un wọ̀n? Abéèrè kì í ṣìnà.