Àfọwọ́fà: Bí Hipinọ́sìsì Ṣe Lè Ran Ẹni Tí Ń Ṣe Ara Rẹ̀ Lọ́wọ́

Ní Ojú Ẹlẹ́gbà, níbi tí ọ̀nà Yábàá, ti Mushin àti ti Sùúrùlérè ti pàdé, kò ṣòro láti rí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ̀wé, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé òde àríyá ni yóò wà ní alẹ́ tí ìdánwò rẹ̀ ku ọ̀la. Bí ó bá fìdí rẹmi, wọn a ní ayé ni ó ń ṣe é. A kò fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Ọ̀dọ̀ Ẹlẹ́gbà, tí ń ṣọ́ oríta, ni orúkọ àdúgbò náà ti wá. Ṣùgbọ́n àfọwọ́fà ni a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín.

Kí ni ó dé tí ènìyàn fi ń ṣe ara rẹ̀? Ní 1978, Steven Berglas àti Edward Jones fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Amẹ́ríkà ní ìbéèrè tí kò ní ìdáhùn, wọ́n sì sọ fún wọn pé wọ́n gbà á. Nígbà tí a ní kí wọ́n yan ọ̀kan nínú oògùn méjì kí wọ́n tó ṣe ìdánwò kejì, púpọ̀ nínú wọn, pàápàá àwọn ọkùnrin, yan èyí tí a ní ó ń dín òye kù. Wọ́n ti wá àwáwí sílẹ̀ de ìtìjú. Ẹni tí kò kàwé tí ó fìdí rẹmi ṣì lè sọ pé orí òun pé.

Ìbẹ̀rù ìtìjú yìí ni hipinọ́sìsì lè bá jà. Kì í ṣe múyè, kì í sì í ṣe oorun. Oníṣègùn yóò ní kí ènìyàn mí kanlẹ̀, kí ó pa ọkàn pọ̀ sójú kan, títí ariwo ìta yóò fi jìnnà sí i. Nígbà náà ni yóò mú un rìn nínú alẹ́ ọjọ́ náà: ọ̀rẹ́ pè é, àyà rẹ̀ já, ó jẹ́ kí ó já, ó sì ṣí ìwé. Wọn a tún un ṣe, títí òun nìkan yóò fi lè dá a ṣe. Ohun tí kò bá fẹ́, ó lè kọ̀ ọ́. Ní 1995, Irving Kirsch àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àkópọ̀ ìwádìí 18: ìtọ́jú tí ń tún èrò àti ìwà ṣe sàn jù bí a bá fi hipinọ́sìsì kún un. Àfikún ni, kì í ṣe gbogbo iṣẹ́.

Ewu rẹ̀ ní ilẹ̀ wa ni ìbéèrè náà, "Ta ni ó ń ṣe mí?" Ẹni tí ó wà ní ipò yẹn yóò rí ojú ẹnìkan, yóò sì gbà á gbọ́ gidigidi. Ní 1985, ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà sọ pé ìrántí tí a fi hipinọ́sìsì fà jáde kò ṣeé gbára lé ju ìrántí lásán lọ. Báyìí ni a ṣe lè so ẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ìyá arúgbó kan lọ́rùn, láìní ẹlẹ́rìí. Ẹni tí ó bá ń wá ọ̀tá fún aláìsàn, kí a sá fún un.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ó yẹ kí a kọ́kọ́ rí dókítà ní ilé-ìwòsàn ọpọlọ Yábàá, tí a ṣí ní 1907, tí kò sì jìnnà sí Ojú Ẹlẹ́gbà, nítorí àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn a máa jọ àfọwọ́fà.