GLITCH: ẸSẸ̀ LÓ YỌ̀ NI, TÀBÍ Ó TI KÁN?

Ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe ti ajílẹ̀ tàbí ti kòkòrò. Ọ̀rọ̀ Òyìnbó kan ni, tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ báńkì àti àwọn oní-POS. Wọn á ní, "Ẹ má bínú, glitch ni." Ẹni tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ á dúpẹ́, á sì máa lọ sílé láìrí owó rẹ̀ gbà.

Glitch ni àṣìṣe kékeré tí ẹ̀rọ ṣe lójijì, tí kò pẹ́ tí ó fi kọjá, tí ẹ̀rọ náà sì tún ń ṣiṣẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó jọ pé inú èdè Yídíìṣì ti àwọn Júù ilẹ̀ Yúróòpù ni ó ti wá, níbi tí ó ti jẹ mọ́ kí ẹsẹ̀ yọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ rédíò ní Amẹ́ríkà ti ń lò ó láti bí ọdún 1940. Ẹ ò rí i pé òwe wà nínú rẹ̀: ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí àpáta tí kò ṣubú, á máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀.

Yorùbá ya àwọn nǹkan wọ̀nyí sọ́tọ̀ ju Òyìnbó lọ, lójú tiwa. Ẹ̀rọ tó dẹnu kọlẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́ rárá. Èyí tó ń ṣe ségesège ń ṣiṣẹ́, ó tún ń kọṣẹ́. Glitch súnmọ́ ségesège, ṣùgbọ́n ohun tó ṣe é lánàá, tó tún ṣe é lónìí, kì í ṣe glitch mọ́. Àrùn ti wà lára rẹ̀.

Ẹ mú pọ́ńpù ìfínko tí a ń gbé kọ́ ẹ̀yìn. Bí oògùn kò bá jáde dáadáa lójijì, ó lè jẹ́ ìdọ̀tí ló dí ẹnu rẹ̀. Ẹ tú u, kí ẹ fi omi àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ̀ ọ́. Ẹ má fi wáyà gún un, nítorí á fẹ ihò rẹ̀. Ẹ má sì fi ẹnu fẹ́ ẹ, májèlé ni. Ṣùgbọ́n bí ihò náà bá ti gbòòrò nítorí ogbó, fífọ̀ kò ràn án. Ẹ fi omi lásán fún un sínú ike fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì fi ẹnu pọ́ńpù tuntun irú kan náà ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ti àtijọ́ bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá ju ti tuntun lọ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó pe ìyẹn ní àṣìṣe kékeré ń da oògùn àpọ̀jù sórí àgbàdo rẹ̀.

Àwọn aláṣẹ náà ń lo ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, àjọ JAMB ní kí àwọn ọmọ tó lé ní 379,000, ní Èkó àti ìhà Gúúsù Ìlà Oòrùn, tún ìdánwò ṣe nítorí àṣìṣe ẹ̀rọ. Glitch ni ìròyìn pè é. Ta ni yóò sọ fún àwọn òbí wọn pé kékeré ni?

Ti owó ló kàn wá jù. ATM lè máà san owó, kí alẹ́ẹ̀tì sì sọ pé wọ́n ti yọ ọ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2020, Báńkì Àpapọ̀, CBN, pàṣẹ pé bí ATM bá jẹ́ ti báńkì yín gan-an, kí owó padà lójú ẹsẹ̀. Bí glitch kò bá jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, kí báńkì dá a padà láàrin wákàtí 24. Bí ẹ̀rọ bá jẹ́ ti báńkì mìíràn, wákàtí 48. Ti POS, wákàtí 72. CBN mọ̀ pé glitch wà. Gbèdéke ni ó fún un.

Nítorí náà, akápò ẹgbẹ́ tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí, kí ó kọ ọjọ́, aago, iye owó àti ibi tí ẹ̀rọ wà sílẹ̀. Kí ó tọ́jú ìwé pélébé tí ẹ̀rọ pọ̀. Kí ó fi ẹ̀sùn sílẹ̀, kí ó sì gba nọ́ńbà ẹ̀sùn náà. Báńkì tó ni káàdì ni kí ó lọ, kì í ṣe báńkì tó ni ẹ̀rọ.