Táyà Ọ̀kadà Olówó Pọ́ọ́kú: Ẹ̀sùn tí a Fi Kàn Án àti Ẹ̀ṣẹ̀ tí Ó Ṣẹ̀

Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí lè dà bí ohun tí kò kan ọ̀mọ̀wé: ǹjẹ́ orúkọ burúkú tí àwọn ọlọ́kadà fún táyà olówó pọ́ọ́kú tọ́ sí i? Ẹni tí ó bá ń gbé Àjàngbádì, Ìbà tàbí Òkòkómáíkò mọ̀ pé ọ̀ràn ẹ̀mí ni. Táyà méjì péré ni awakọ̀ àti èrò ẹ̀yìn rẹ̀ gbé ẹ̀mí wọn lé. Bí ọ̀kan bá bẹ́, kò sí ìkẹta tí yóò gbé wọn ró. Ohun tí ó sì mú ọ̀rọ̀ náà kan ìwé àtìgbàdégbà wa yìí ni pé èdè wà lára ohun tí ó ń ba ìdájọ́ àwọn tí ń ra táyà jẹ́.

Àjàngbádì wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́, lórí ilẹ̀ Àwórì, ní ìhà òpópónà tí ó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì. Nígbà tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 2022, tí ó sì fi mẹ́rin kún un ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, Ọ̀jọ́ kò sí nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ọ̀kadà ni ó ń gbé èrò láti òpópónà wọ inú àdúgbò, ní ojú ọ̀nà oníyanrìn àti oníkòtò tí òjò máa ń sọ di àbàtà. (Orúkọ ọ̀kadà fúnra rẹ̀ yẹ fún àkíyèsí: ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Okada Air, tí a dá sílẹ̀ ní 1983, ni àwọn ará ìlú fi ṣe ẹ̀fẹ̀ nígbà tí alùpùpù akérò ń gbòde. Ẹ̀fẹ̀ náà ti borí ‘alùpùpù’ tí ó wà nínú ìwé.)

Lẹ́nu àwọn ọlọ́kadà àti àwọn fọ́kánáísà, ọ̀nà mẹ́ta ni a pín táyà sí: oríjínà, tókunbọ̀ àti féèkì. Èyí tí owó rẹ̀ gọbọi ni oríjínà; èyí tí ẹlòmíràn ti lò ní òkè òkun ni tókunbọ̀; ohun gbogbo tí ó kù, féèkì ni. Bí a bá béèrè ìdí, òwe ni a ó fi dá wa lóhùn: ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Òwe náà kò burú, ṣùgbọ́n kò sọ fún wa ohun tí owó náà rà sínú ọbẹ̀.

Féèkì yìí ni ó da ọ̀rọ̀ rú jù lọ. Ó ti gbé ọ̀rọ̀ mẹ́rin mì, bẹ́ẹ̀ ni èdè wa sì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ayédèrú ni ohun tí ó gbé orúkọ olórúkọ wọ̀. Gbàrọgùdù ni ohun tí a kò ṣe dáadáa, ìbáà jẹ́ orúkọ ara rẹ̀ ni ó ń jẹ́. Àlòkù ni ohun tí ẹnìkan ti lò rí. Olówó pọ́ọ́kú kò sọ ju iye tí a tà á lọ. Táyà kan lè jẹ́ olówó pọ́ọ́kú láìjẹ́ gbàrọgùdù; òmíràn lè jẹ́ ayédèrú kí owó rẹ̀ sì ga fíofío, nítorí ta ni yóò ṣe ayédèrú ohun tí kò lórúkọ? Ní ti àlòkù, òfin Nàìjíríà kà á mọ́ ọjà tí kò gbọdọ̀ gba ẹnu ibodè wọlé, àfi àwọn ńláńlá kan ti ọkọ̀ akẹ́rù. Síbẹ̀ àwọn kan wà tí ó fọkàn tán tókunbọ̀ ju tuntun tí kò wọ́n lọ.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó ti di èébú ni ‘Ṣáínà’. Michelin ti ilé-iṣẹ́ táyà rẹ̀ pa ní Port Harcourt ní 2007. Dunlop dẹ́kun ṣíṣe táyà ní Ìkẹjà ní 2008. Láti ìgbà náà, òkè òkun ni a gbẹ́kẹ̀ lé fún táyà tuntun, Ṣáínà àti Íńdíà sì wà lára ibi tí ó ti ń wá. Ṣùgbọ́n Michelin kan náà ní ilé-iṣẹ́ ní ìlú Shenyang ní Ṣáínà. Orúkọ ìlú, nígbà náà, kò lè dúró fún dídára tàbí àìdára.

Ẹ jẹ́ kí á wá gbé ẹ̀sùn gan-an yẹ̀ wò. Ohun tí a máa ń gbọ́ ni pé táyà olówó pọ́ọ́kú ‘máa ń bẹ́’. Ìṣirò kékeré kan yóò ràn wá lọ́wọ́. Lára Bajaj Boxer 100, táyà iwájú jẹ́ 2.75-17, ti ẹ̀yìn 3.00-17, àmì tí ó bá wọn rìn ni 41P àti 50P. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ni àwọn àmì wọ̀nyí. 41 túmọ̀ sí pé táyà náà lè gbé kílógíráàmù 145. 50 túmọ̀ sí 190, bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá pé. P ń sọ pé kò gbọdọ̀ sáré ju kìlómítà 150 ní wákàtí kan, ohun tí ọ̀kadà Àjàngbádì kò lè dé láéláé. Kì í ṣe eré ni ìṣòro, ẹrù ni. Kí á ka alùpùpù náà sí kílógíráàmù 110, kí á sì ka ènìyàn kọ̀ọ̀kan sí 70. Awakọ̀ àti èrò kan pẹ̀lú ọkọ̀ jẹ́ 250. Bí ìdá méjì nínú mẹ́ta bá wà lórí táyà ẹ̀yìn, ó jẹ́ nǹkan bíi 167. Kò tíì kọjá ààlà. Ṣùgbọ́n bí èrò bá di méjì, àpapọ̀ di 320, ti ẹ̀yìn di nǹkan bíi 213, a kò sì tíì ka àpò gàrí tí ó wà lórí táńkì. Táyà tí ó gbówó lórí jù lọ ní ọjà, bí òǹkà ara rẹ̀ bá jẹ́ 50, ti wọ gbèsè níbẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ rẹ̀ bá tún dẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò máa tẹ̀, yóò máa gbóná, òwú inú rẹ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ kúrò lára rọ́bà. Àtàǹpàkò ni ọ̀pọ̀ fi ń wọn afẹ́fẹ́, bẹ́ẹ̀ gééjì kò wọ́n.

Ẹ̀rí kan wà tí ó tún ń tan àwọn ènìyàn jẹ. Ẹni tí owó kò tó lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ń ra táyà tí kò wọ́n. Òun náà ni ó ń gbé èrò méjì láti rí owó ọkọ̀ san. Òun náà ni kì í pààrọ̀ táyà títí yóò fi pá kodoro. Nígbà tí táyà bá bẹ́, orúkọ tí ó wà lára rẹ̀ ni a ń rí. A kì í rí oṣù mẹ́fà tí ó ti fi gbé ẹrù tí ó ju agbára rẹ̀ lọ.

Níhìn-ín ni a fẹ́ kí àwọn olùkọ́ àti àwọn atúmọ̀-èdè fiyè sí ọ̀rọ̀-ìṣe. Nígbà tí a bá ń ṣẹ̀dá èdè-ìperí, ọ̀rọ̀-orúkọ ni ojú wa máa ń kọ́kọ́ lọ síbi rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé àkójọ èdè-ìperí ṣe máa ń rí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-orúkọ tí a yá fún táyà da nǹkan pọ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí a kò yá ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Táyà a máa jẹ, a máa gbó, a máa jò, a máa dẹ̀, a máa bẹ́, a máa yọ̀. Kò sí méjì nínú wọn tí ó jẹ́ ọ̀kan náà. Èyí tí ó níye lórí jù ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín jẹ àti gbó. Ojú ọ̀nà ní ń mú kí táyà jẹ. Afẹ́fẹ́, ooru àti oòrùn ní ń mú kí ó gbó, tí rọ́bà rẹ̀ yóò le, tí yóò sì máa sán wẹ́wẹ́. Táyà tí a so kọ́ iwájú ìsọ̀ nínú oòrùn fún ọdún mélòó kan lè ti gbó láìtíì jẹ rárá: eyín rẹ̀ pé, ó ń dán, ẹni tí ó rà á yóò pè é ní tuntun.

Ọ̀nà wà láti mọ̀ ọ́n. Nọ́ńbà mẹ́rin tí ó kẹ́yìn àmì DOT ní ẹ̀gbẹ́ táyà ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí a ṣe é: 2319 ni ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Bí a ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn láti ọdún 2000. Àwọn kan rò pé ọjọ́ tí táyà yóò bàjẹ́ ni, èyí tí ó yí ìtumọ̀ rẹ̀ po pátápátá. Nítorí náà ni a ṣe dábàá ‘ọ̀sẹ̀-ìṣe’ fún un. Ọ̀rọ̀ tí ó bá ní ‘ìparí’ nínú yóò tún ṣi ènìyàn lọ́nà.

Ǹjẹ́ táyà olówó pọ́ọ́kú kò wá ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan bí? Ó ní. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ gan-an ni yíyọ̀. Rọ́bà tí ó le máa ń pẹ́ kí ó tó jẹ, ṣùgbọ́n kì í di ilẹ̀ mú dáadáa bí ọ̀dà bá tutù. Èyí tí ó rọ̀ ń di ilẹ̀ mú, ó sì ń tètè jẹ. Iṣẹ́ àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì tí ń po rọ́bà pọ̀ kí méjèèjì lè bára mu wà lára ohun tí a ń sanwó fún lórí táyà tí ó wọ́n. Nínú yanrìn àdúgbò, ìyàtọ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Nígbà tí òjò bá rọ̀ sórí ọ̀dà, tí ọ̀kadà sì ní láti dúró lójijì, níbẹ̀ ni yóò ti hàn. Ẹjọ́ bíbẹ́ ni a ń pè é sí, yíyọ̀ ni ó ń jẹ̀bi rẹ̀. Ní tiwa, bí owó kò bá ká méjì tí ó dára, kí a fi èyí tí ó dára sí iwájú, nítorí iwájú ni ìwúwo máa ń wọ́ sí nígbà tí a bá tẹ bíréèkì.

Ó kù kí á sọ ọ̀rọ̀ tí a ó máa pe agbára tí táyà fi ń di ilẹ̀ mú. Èyí tí ó kọ́kọ́ wá sí ọkàn ni ‘ìmúlẹ̀’. Ó kúrú, ó sì tẹ̀lé òfin èdè. Ṣùgbọ́n ìmúlẹ̀ ti jẹ́ májẹ̀mú láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì sí ọlọ́kadà tí yóò fẹ́ gbọ́ pé táyà òun kò ní ìmúlẹ̀, kí àwọn èrò má baà sá. ‘Ìdilẹ̀mú’ ni a mú wá dípò rẹ̀, àti ‘òǹkà ìrẹrù’ fún 41 àti 50 tí a ti mẹ́nu bà. Ní ti ‘féèkì’, a kò dábàá ọ̀rọ̀ kankan fún un. Mẹ́rin ti wà nílẹ̀.