Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Bàálù kékeré tí wọ́n ń fi rímóòtù darí

Ní Amẹ́ríkà, àgbàlagbà ló pọ̀ jù nídìí eré bàálù yìí. Láti 1936 ni ẹgbẹ́ wọn, Academy of Model Aeronautics, ti wà. Fóòmù tàbí pákó balsa tó fúyẹ́ ni wọ́n fi ń kan bàálù náà.

Kó tó fò, wọ́n á fi ìka méjì gbé e lábẹ́ ìyẹ́. Bí ìrù bá rọ̀ wálẹ̀, wọ́n á sún bátìrì síwájú. Ẹ má fojú di èyí o! Bàálù tí ìdí rẹ̀ wúwo kì í gbọ́ràn.

Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá ju gíráàmù 250 lọ, ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ FAA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú. Ojú gbọ́dọ̀ máa tó o lókè.

Rímóòtù ni wọ́n ń kọ́kọ́ tàn, òun náà ni wọ́n ń pa kẹ́yìn, torí bí bàálù bá wà ní títàn tí rímóòtù ò tàn, abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀ lè ṣàdédé yí, ó sì ń gé ìka.