Inú Rírun Òjijì Lára Obìnrin

Ẹ̀yin ará wa ní Ṣakí, ní Ìsẹ́yìn àti ní gbogbo Òkè-Ògùn, ọ̀rọ̀ tí a mú wá síwájú yín yìí kì í ṣe èyí tí a máa ń sọ ní gbangba. Ṣùgbọ́n ìtìjú tí a fi bò ó ti pa obìnrin púpọ̀.

Bí inú bá ń run ènìyàn lójijì, aràn tàbí jẹ̀díjẹ̀dí ni a tètè ń fura sí. Ṣùgbọ́n lára obìnrin tí ó tó bímọ, ohun mìíràn wà. Nígbà mìíràn oyún kì í dé inú ilé-ọmọ. Ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹyin ń gbà wọ ibẹ̀ ni ó ń dúró sí. Ọ̀nà yìí kò gba ọmọ. Bí oyún ti ń dàgbà, ọ̀nà náà a bẹ́, ẹ̀jẹ̀ a sì máa dà sínú ikùn, láìjẹ́ pé púpọ̀ rẹ̀ hàn síta. Àmì rẹ̀ nìyí: nǹkan oṣù kò dé, ìsàlẹ̀ ikùn ń dunni, òòyì ń kọ́ni, òógùn tútù ń bò ara, a sì lè dákú.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kókó tí ó wà lára ilé ẹyin ni ó lọ́ bí okùn, ìrora àti èébì a sì bẹ̀rẹ̀. Tàbí kí ọyún gbá jọ nísàlẹ̀ ikùn, pàápàá lẹ́yìn oyún tí a ṣẹ́ níkọ̀kọ̀, ibà a sì mú un.

Ní ọdún 1883, ní Birmingham, oníṣẹ́-abẹ Robert Lawson Tait la ikùn irú obìnrin bẹ́ẹ̀, ó di ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń dà, obìnrin náà sì yè. Láti ìgbà náà ni a ti mọ ìwòsàn rẹ̀. Àìtètè dé ibẹ̀ ni ó ń pani. Àìtètè mólè ni olè ṣe ń mólóko.

Nítorí náà, ẹ má ṣe fún un ní àgbo, ẹ má ṣe fún un ní oúnjẹ. Ẹ wá ọkọ̀ kíákíá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òru ní abúlé oko, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí a ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ. Kí ìbátan méjì tàbí mẹ́ta tí ara wọn le bá a lọ, nítorí a lè bèèrè ẹ̀jẹ̀.

Bí dókítà bá bèèrè nípa nǹkan oṣù, kí obìnrin náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ òtítọ́, ìbáà ṣe ìyàwó ilé tàbí ọmọge. Ìrora yìí jọ ti appendix. Òtítọ́ náà àti àyẹ̀wò ìtọ̀ ni yóò tọ́ ọ sọ́nà. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe fi ìbínú dí ọmọ yín lẹ́nu ní wákàtí náà.

Obìnrin onísun ẹ̀jẹ̀ inú Ìhìnrere dúró fún ọdún 12. Èyí kò lè dúró di ọ̀la. Ẹ gbàdúrà, ará, ṣùgbọ́n kí ẹ máa gbà á lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn.