Olóògbé Sapara Williams, Lọ́yà Àkọ́kọ́ Nínú Ìran Wa

Àwa ará Ìlárò àti Ayétòrò mọ ohun tí à ń pè ní ààlà. Ní ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fẹnu kò ní Paris, tí wọ́n sì fa ìlà sí àárín àwọn ará wa. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìlárò bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀gbọ́n wà níhìn-ín, àbúrò wà lọ́hùn-ún. Nítorí náà, ó yẹ kí a mọ ìtàn ọkùnrin tí ó bá ìjọba jiyàn lórí irú ìlà bẹ́ẹ̀.

Christopher Alexander Sapara Williams ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni í ṣe, ṣùgbọ́n Sàró ni a bí i sí ní ọdún 1855, nínú ìran àwọn tí òwò ẹrú fọ́n dé ibẹ̀. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ òfin ní London, a sì gbà á gẹ́gẹ́ bí lọ́yà ní ọjọ́ 17, oṣù Kọkànlá, ọdún 1879. Ní ọdún 1888 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó. Lọ́yà ṣọ̀wọ́n nígbà náà tó bẹ́ẹ̀ tí ilé-ẹjọ́ fi ń fún àwọn tí kò kọ́ṣẹ́ òfin ní àyè láti gba ẹjọ́ rò. Ọkùnrin yìí mọ òfin Gẹ̀ẹ́sì, ó sì mọ àṣà Yorùbá dunjú.

Ní ọdún 1901 ó wọ Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Gómìnà ni ń yan ọmọ ìgbìmọ̀ nígbà náà, kì í ṣe ìbò. Síbẹ̀ kò di ẹni tí í wí pé “bẹ́ẹ̀ ni” sí gbogbo ọ̀rọ̀. Nígbà tí ìjọba gbé òfin kalẹ̀ ní 1909 láti fìyà jẹ àwọn tí ó bá kọ̀wé tako ìjọba, ó dìde, ó sì gbèjà ìwé ìròyìn. Òfin náà kọjá. Kí ọdún 1914 tó dé, ó tún bẹ̀bẹ̀ pé kí a yí ààlà Àríwá padà, kí gbogbo Yorùbá tí ó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì lè wà lábẹ́ ìjọba kan. Wọn kò gbà.

Ó kú ní oṣù Kẹta, ọdún 1915. Ẹnìkan lè bèèrè pé, èrè kí ni ó jẹ? Ìlọrin kò kúrò lábẹ́ ìjọba Àríwá títí di ọdún 1967. Ṣùgbọ́n nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tún gbé ọ̀rọ̀ ààlà náà dìde, kì í ṣe òun ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí ọjà kò tilẹ̀ gbọ́, àgbà ti wí tirẹ̀.