Tour F ní Abidjan: ta ló ń pinnu bí ìlú ṣe máa ga tó?

Ẹni tó bá dúró ní Treichville, ní Abidjan, tó wo òdìkejì ọ̀sà Ébrié yóò rí i ní àdúgbò Plateau: ilé àwòṣífìlà kan tí wọ́n ya ìrísí rẹ̀ jọ ìbòjú onígi ilẹ̀ Áfíríkà, tó sì ga ju gbogbo ilé tó yí i ká lọ fíìfíì. Tour F ni wọ́n ń pè é. Mítà 421 ni gíga tí wọ́n kéde fún un, ti ṣóńṣó orí rẹ̀ mọ́ ọn. Iconic Tower ti Íjíbítì, tó jẹ́ nǹkan bíi mítà 394, ló gba ipò kìn-ín-ní ní Áfíríkà ṣáájú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ìròyìn kì í kọjá gíga yìí. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá irú ilé bẹ́ẹ̀ yóò pọ̀ sí i ní Abidjan, ẹni tó ni ín ló yẹ kó kọ́kọ́ bi léèrè. Ìjọba orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire ló ni ín.

Owó kòkó ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀

Ilé gíga márùn-ún ti wà ní Plateau tẹ́lẹ̀, láti A dé E, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń lò. Láyé Ààrẹ Félix Houphouët-Boigny ni wọ́n kọ́ wọn, nígbà tí owó kòkó ń wọlé wìtìwìtì. Èyí kò ṣàjèjì sí Yorùbá: owó kòkó náà ló kọ́ Cocoa House alájà 26 sí Dùgbẹ̀ ní Ìbàdàn, tó parí ní 1965.

Nígbà tó di àwọn ọdún 1980, owó kòkó já wálẹ̀ lọ́jà àgbáyé. Ní 1983, òfin sọ Yamoussoukro di olú-ìlú. Ogun abẹ́lé tún dé ní 2002, rògbòdìyàn ìbò 2010 sì mú ìbọn dún láàárín ìgboro Abidjan. Kò sẹ́ni tó rántí ilé kẹfà, F, tó yẹ kó tẹ̀lé wọn. Lábẹ́ Ààrẹ Alassane Ouattara ni iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2021. Pierre Fakhoury tó ya àwòrán ilé ìjọsìn ńlá Yamoussoukro ló ya ti Tour F. Besix ti Bẹ́ljíọ̀mù, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́ Burj Khalifa ní Dubai, wà lára àwọn agbaṣẹ́ṣe.

Méyọ̀ ní ìbò, ààrẹ ní àṣẹ

Ìjọba ìbílẹ̀ 13 ló wà lábẹ́ Abidjan, wọ́n sì ń dìbò yan méyọ̀ wọn. Gómìnà tó wà lórí gbogbo wọn kò bá ẹnikẹ́ni du ìbò: ààrẹ ló ń yàn án. Ibrahima Cissé Bacongo ló wà nípò náà láti 2023.

Plateau ni ọ̀rọ̀ yìí ti hàn kedere jù. Jacques Ehouo ti ẹgbẹ́ PDCI ló wọlé ìbò méyọ̀ níbẹ̀ ní 2018, òun náà ló tún wọlé ní 2023, ó sì borí olùdíje RHDP, ẹgbẹ́ Ouattara, lẹ́ẹ̀mejèèjì. Síbẹ̀, ilé tó ga jù ní agbègbè rẹ̀, iṣẹ́ ìjọba tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń takò ni.

Ètò yìí ní èrè tirẹ̀. Ilẹ̀ ìjọba ni, kò sí ọmọ onílẹ̀ tó máa dá iṣẹ́ dúró, owó kan náà ló sì ń gbé e láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé. Ṣùgbọ́n bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá di ojú ọ̀nà, tàbí tí omi ìdọ̀tí kò bá ríbi gbà, méyọ̀ tí ará àdúgbò máa lọ bá kọ́ ló pinnu nǹkan kan.

Ẹ má jẹ́ ká rò pé ọwọ́ aládàáni nìkan ni ìwòsàn wà. Aládàáni ló ń kọ́ ilé alájà 21 tó wó ní Ìkòyí, Èkó, ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá 2021, tó pa èèyàn tó lé ní 40. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, ilé alájà wó ní Treichville àti Angré ní Abidjan náà. Ẹni yòówù kó sanwó, ẹni tó máa yẹ irin àti símẹ́ńtì wò kí wọ́n tó gbé àjà mìíràn lé e ló ṣọ̀wọ́n.

Nísàlẹ̀ ńkọ́?

Àṣẹ kan náà tó ń gbé ilé sókè ló ń wó ilé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, katakata wọ Gesco ní Yopougon àti Boribana ní Attécoubé, ní Abidjan kan náà. Iléèwé Cha Hélène ní Yopougon wà lára ohun tó wó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì wà láàárín ọdún ẹ̀kọ́. Ìjọba ní ewu àgbàrá ló wà níbẹ̀. Lẹ́yìn tí ariwo pọ̀, wọ́n kéde ìrànwọ́ 250,000 owó CFA fún ìdílé kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa Yorùbá náà. Ọkọ̀ ń gbéra tààrà láti Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lọ sí Abidjan, kò sì ṣòro láti gbọ́ Faransé nínú ọjà Èjìgbò. Láàárín ọdún 2024 kan náà, gómìnà Abidjan fòfin de títajà lẹ́bàá títì. Ẹni tó ń gbé igbá kiri ní Adjamé mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Kí ló kù ká máa wò?

Ẹ kọ́kọ́ wo ìrìnnà. Ọ̀sà ló yí apá tó pọ̀ jù ní Plateau ká, afárá ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń gbà débẹ̀. Afárá Alassane Ouattara láti Cocody ti ṣí ní 2023, àmọ́ ọkọ̀ ojú irin oníkìlómítà 37, láti Anyama dé Port-Bouët, ni ìrètí àwọn tí kò ní mọ́tò.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ayálégbé. Carlton Centre ní Johannesburg, mítà 223, ló ga jù ní Áfíríkà láti 1973 fún ohun tó lé ní 40 ọdún. Gíga yẹn kò dá àwọn iléeṣẹ́ ńlá dúró nígbà tí wọ́n ń kó lọ sí Sandton, òtẹ́ẹ̀lì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ti ilẹ̀kùn ní àwọn ọdún 1990.

Ilé tó bá tẹ̀lé Tour F ni yóò fi ọ̀rọ̀ hàn. Bí báńkì tàbí iléeṣẹ́ adójútòfò kan bá fi owó ara rẹ̀ gbé irú rẹ̀ dìde, a jẹ́ pé ọjà ló ń béèrè. Bó bá jẹ́ ìjọba náà ló tún kọ́ òmíràn, ẹni tó bá wọlé ìbò ààrẹ ni yóò máa ka iye àjà ilé fún Abidjan.